Kí Gìgísẹ̀ Méjèèjì Kanlẹ̀

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ẹni tó nàró, kó wábi fìdí lé. Ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, kó tètè wú u tán, torí orin wà nínú ìtàn tí mo gbé dání yìí, n ò sì fẹ́ kí ikọ́ bá mi gbè é. Bí mo bá ní "Rọra o," kí ẹ̀yin ní "Rọra." Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agbẹ̀bí kan wà. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ń gbẹ̀bí, débi pé tó bá ń lọ lójú títì, ìdajì àwọn tó ń kí i ló jẹ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbá nídìí kí wọ́n tó mọ ẹkún sun. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ta á lọ́rẹ aago ògiri. Ó ní ẹ ṣé o, òun ti wo aago tó láyé òun. Ó gbé aago fún ọmọ rẹ̀, ó lọ ra alùpùpù.

Kì í ṣe alùpùpù tí wọ́n fi ń sáré kiri o. Irú èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní kúrúsà ni. Ó gùn gbọọrọ, ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yọ sókè bí ìwo màlúù, ẹni tó bá gùn ún á na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó jẹun yó tó ń gba atẹ́gùn. Kò yára. Ta ni ìyára sì ń lé?

Ọkọ rẹ̀, télọ̀ ni. Télọ̀ ò mọ alùpùpù gùn, kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá, bó bá rí i, á yà fún un. Ẹ̀yìn ìyàwó ló máa ń jókòó sí. Ní gbogbo Sátidé, àwọn méjèèjì á dé akoto, télọ̀ á di ìyàwó rẹ̀ níbàdí mú, wọ́n á gba ojú ọ̀nà etí odò lọ, wọ́n á sì máa kọrin. Ìyàwó á lé e, ọkọ á gbè é:

*Alùpùpù mi, rọra o,*
*— Rọra.*
*Ọ̀nà ò níbi í sá lọ, rọra o,*
*— Rọra.*
*Olówó orí mi ń bẹ lẹ́yìn, rọra o,*
*— Rọra, rọra, rọra.*

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: lójú ọ̀nà nìkan ni ohùn obìnrin yìí ti ń là. Bó bá gbìyànjú orin nínú ilé, ohùn rẹ̀ á há bí ilẹ̀kùn tí òjò pa. Ó ní ariwo aláboyún àti ariwo ọmọ tuntun ló ti jẹ àyè tó wà nínú ilé tán, ojú títì nìkan ló ṣẹ́ kù fún tòun.

Ó wá di Sátidé kan báyìí. Wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n dé kọ́nà ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní ìpẹ̀kun àdúgbò wọn, ni pẹ́pẹ́yẹ kan bá jáde sójú títì. Ìyá ọ̀hún ò dá wá. Ọmọ mẹ́jọ tò tẹ̀lé e, wọ́n ń mi ìdí bọ̀.

"Pẹ́pẹ́yẹ!" Télọ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Mo rí i!" Agbẹ̀bí ló dáhùn bẹ́ẹ̀, ó sì yí ọwọ́ alùpùpù. Ṣé ẹni tó gbẹ̀bí fọ́gbọ̀n ọdún ló máa wá fi táyà gun abiyamọ? Wọ́n kó sórí òkìtì iyanrìn. Télọ̀ fò fìrì, ó sì balẹ̀ sínú iyanrìn wọ̀ọ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ gbé síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó fi há kọ́là ẹ̀wù láàárọ̀ kò tilẹ̀ jábọ́. Agbẹ̀bí ṣubú lé ẹsẹ̀ òsì, egungun rẹ̀ ní *kẹ́*. Alùpùpù nìkan ló bá tirẹ̀ lọ, ó lọ kí ògiri. Ògiri ò dá a lóhùn ire.

Pẹ́pẹ́yẹ ò bojú wẹ̀yìn.

Ní ọsibítù, wọ́n di ẹsẹ̀ náà sínú símẹ́ńtì funfun, ó le gbagidi. Ohun tí agbẹ̀bí kọ́kọ́ bèèrè nígbà tó lajú ni pé:

"Alùpùpù mi ńkọ́?"

"Ó ti kú," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́?"

"Mo rí i láàárọ̀ yìí. Ó ń jẹun."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn."

"Pẹ́pẹ́yẹ?"

"Alùpùpù, olówó orí mi!"

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé rèé tí ọmọ wọn wọlé. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ìwà tíṣà ti wà lára rẹ̀ láti kékeré: nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, á to bàtà gbogbo ará ilé sórí ìlà, á ní bàtà bàbá òun ń ṣe ìjàngbọ̀n. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ká ọwọ́ gbera.

"Màámi, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ."

"Ó dáa bó o ṣe gbọ́, ọmọ mi. Mi ò ní láti tún un sọ."

"Dókítà ní egungun yìí á jinná. Ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ dá ẹrù gbé lórí ọmọníka ẹsẹ̀ mọ́. Màámi, ẹ̀rọ wúwo ni. Tẹ́ ẹ bá dúró, tí ọmọníka yín nìkan ló bà lẹ̀, tó bá fì sọ́tùn-ún tó fì sósì, ẹsẹ̀ yìí á tún kán. Kí n máa wá bá yín níbí lẹ́ẹ̀kejì? Rárá o."

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ má gùn ún. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ká ṣàdéhùn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gun tuntun, kí gìgísẹ̀ yín méjèèjì kanlẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí wọn ò bá kanlẹ̀, ẹ ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, a ó tà á, ọ̀rọ̀ alùpùpù á sì parí nílé wa."

Agbẹ̀bí wo ọmọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀: bó bá fẹnu jẹ́ ẹ, kò ní yẹ̀ ẹ́. Ó gbìyànjú kó kọ ẹsẹ kan nínú orin rẹ̀ lábẹ́ èémí, kó fi mọ bí ìgboyà òun ṣe tó. Orin náà dé ọ̀fun, ó há síbẹ̀.

"Mo gbà," ló wí. "Gìgísẹ̀ méjèèjì."

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì kò lè ya ẹsẹ̀ lé alùpùpù kó fi dán an wò. Télọ̀ ló rí ọgbọ́n dá. Ó fa téèpù rẹ̀ yọ lọ́rùn, níbi tó máa ń wà bí ẹ̀gbà, ó ní kí ìyàwó òun na ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí ò ṣe nǹkan kan. Ó wọ̀n ọ́n láti ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀ dé gìgísẹ̀, ó fìka tẹ ojú ibi tó dé, ó sì pè é jáde bó ṣe máa ń pè é fún àwọn oníbàárà rẹ̀:

"Íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!"

Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bó ṣe di òfin nìyẹn: ìjókòó alùpùpù ò gbọdọ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá alùpùpù kiri nìyẹn. Tíṣà á wa mọ́tò, agbẹ̀bí á na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn bí ìdì igi, télọ̀ á jókòó síwájú pẹ̀lú téèpù. Àdéhùn tọkọtaya ni pé téèpù ni télọ̀ máa fi yàn, orin sì ni agbẹ̀bí máa fi yàn. Bí ẹ̀rọ ò bá lè bá orin wọn rìn, wọn ò rà á.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin oní-táì kan fi èyí tó funfun hàn wọ́n. Télọ̀ wọn ìjókòó rẹ̀, ó bá ìwọ̀n mu. Agbẹ̀bí sọ fún ọ̀dọ́kùnrin náà pé, "Tàn án." Ó tàn án. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀fọn tó kó sínú ìgò. Kí agbẹ̀bí tó ronú kan "Rọra" àkọ́kọ́, ẹ̀rọ yìí ti kọ orin náà tán, ó ti ṣàmín.

"Pa á," ni agbẹ̀bí wí. "Èyí ń sáré lọ síbì kan. Èmi ò lọ síbì kankan ní tèmi."

Èkejì, iwájú ilé ẹnì kan ló wà, wọ́n fi tapólì bò ó. Dúdú ni, ó fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì ìyàwó. Télọ̀ na téèpù, ojú rẹ̀ là. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀gbọ́n, alùpùpù là ń wá, ẹṣin lẹ̀ ń tà!" Ẹni tó ni ín ní kí wọ́n máa lọ, ó ní ẹni tó bá ga á wá rà á.

Ìlọ kẹta ni wọ́n dé ọgbà mẹkáníìkì kan tó ń tún alùpùpù ògbólógbòó ṣe tó ń tà á. Ṣé-ẹ-gbọ́ ni ìnagijẹ rẹ̀, torí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má fi "ṣé ẹ gbọ́" sí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì dé ìgbọ̀nwọ́. Bó ṣe rí agbẹ̀bí tó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì tiro sọ̀ nínú mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Ìyá mi! Ọwọ́ yín ni wọ́n bí mi sí, ṣé ẹ gbọ́?"

"Ṣé mo lè gbàgbé? Ẹsẹ̀ lo fi jáde. Ó tì títí, mo rò pé o fẹ́ padà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà níbí, ṣé ẹ gbọ́…"

"Kí wọ́n gbọ́ ọ. Mú èyí tó dáa wá, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀-ṣáájú."

Ó lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, ó ti ọ̀kan bọ̀. Àwọ̀ ewé ni, ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìwo rẹ̀ tẹ̀ dáadáa. Ó ní ìlà kékeré kan lára táńkì, bí ẹni tó ti rí ayé. Ṣé-ẹ-gbọ́ tàn án: *gbùdù, gbùdù, gbùdù*. Ó ń mí. Ó ń dúró de èèyàn láàárín gbùdù kan sí èkejì. Agbẹ̀bí di ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì mú, ó ronú orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo "Rọra" ló bọ́ sórí gbùdù bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú bàtà tó mọ ọ́n. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Olówó orí mi, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra wọ̀n ọ́n." Ó dijú.

Télọ̀ kúnlẹ̀, ó fa téèpù láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó nu dígí ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

"Íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n géérégé! Bí ẹni rán an mọ́ ọ lára!"

Wọ́n rà á. Wọ́n sin ín wálé bí ìyàwó, wọ́n dá a dúró sínú àgbàlá, agbẹ̀bí á sì máa yọjú sí i láti ojú fèrèsé títí wọ́n fi gé símẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, títí ó fi ju ọ̀pá kan nù, tó ju èkejì nù.

Ọjọ́ tí dókítà ní ó lè gun ohun tó bá wù ú, Sátidé ló bọ́ sí. Agbẹ̀bí ránṣẹ́ pe ará àdúgbò. Tíṣà gbé ìkòkò ńlá kaná, ó ní ìrẹsì ni òun ń sè, ẹni tó bá wá wòran á jẹun. Ta ló máa gbọ́ irú rẹ̀ tí ò ní wá? Ṣé-ẹ-gbọ́ náà dé, ó fọwọ́ sí ẹ̀yìn alùpùpù kó má bàa fì.

Agbẹ̀bí wọ ṣòkòtò. Ó ya ẹsẹ̀. Ó jókòó. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ó wá na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó wá ilẹ̀ títí. Ọmọníka rẹ̀ bà á díẹ̀, bí ẹni ń kí àlejò tí kò fẹ́ràn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè.

Àtẹ́wọ́ dákẹ́.

"Màámi," ni Tíṣà wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀."

"Mò ń wá ilẹ̀, ọmọ mi. Wọ́n ti gbé e lọ."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀!" Télọ̀ ti fa téèpù yọ. "Àbí ẹsẹ̀ ẹ ti kúrú ni?"

"Ẹsẹ̀ ta ló kúrú?" ni agbẹ̀bí fèsì. "Ọ̀tún tí ò kán náà ò kanlẹ̀!"

Ṣé-ẹ-gbọ́ wọn ìjókòó: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kò parọ́. Ó wá ku ẹsẹ̀. Télọ̀ ní kí ìyàwó òun sọ̀ kalẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú gbogbo èèyàn, ó fìka tẹ téèpù, ó ké gbàjarè:

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Ṣé ẹ rí i? Téèpù mi ò purọ́ rí!"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sún mọ́ ìka bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìwé ọmọ kíláàsì.

"Bàámi, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìka yín wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì pe mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti ẹsẹ̀, méjì ti ìṣẹ́tí. Ṣé wọ́n máa ń rán ṣòkòtò láì… láìfi…"

Ó tún wo ìka rẹ̀ lórí téèpù. Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ojú rẹ̀ á rí iye kan, ẹnu rẹ̀ á fi méjì lé e fún ibi tí yóò ṣẹ́ létí, kò sì mọ̀ pé òun ń fi kún un mọ́, bí èèyàn ò ṣe mọ̀ pé òun ń mí.

"Bàámi," ni Tíṣà wí, ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n, "ṣé ẹsẹ̀ màámi lẹ fẹ́ ṣẹ́ létí ni?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ gbàà! Ìyá àgbà tó ń gbé òdìkejì fi ọwọ́ di ògiri mú kó má bàa ṣubú. Ṣé-ẹ-gbọ́ rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé láti sọ "ṣé ẹ gbọ́". Télọ̀ fi téèpù bojú.

Agbẹ̀bí nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò. Ó wo àwọ̀ ewé yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ti fẹnu jẹ́ ẹ," ló wí. "Gìgísẹ̀ méjèèjì. Wọn ò kanlẹ̀."

Ẹ̀rín bá gbẹ lẹ́nu àwọn èèyàn. Tíṣà di kọ́kọ́rọ́ náà mú bí ẹni tó di ẹ̀yinná. Òun ló ṣòfin, òfin sì ti mú ìyá rẹ̀.

Télọ̀ sọ téèpù kúrò lójú.

"Tíṣà. Bí ọmọ kíláàsì ẹ bá ṣi iṣẹ́ ṣe, ṣé o máa ń lé e lọ sílé ni?"

"Rárá, Bàámi. Á ṣàtúnṣe ni."

"Aṣọ tó bá gùn, ṣé a máa ń sọ ọ́ nù? Àṣìṣe télọ̀, télọ̀ ni í tún un ṣe. Fún mi láyè títí ìkòkò yẹn á fi sọ̀ lórí iná."

Tíṣà wo ìkòkò. Ó wo ìyá rẹ̀. "Títí ìkòkò á fi sọ̀," ló wí, ó sì lọ síbi iná. Àwọn tó mójú sọ pé ó fa igi iná méjì yọ níbẹ̀ kí oúnjẹ má bàa yára jinná. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ má pè mí lẹ́lẹ́rìí.

Ẹ wá wo iṣẹ́! Ṣé-ẹ-gbọ́ tú bóòtì méjì, ìjókòó ṣí. Télọ̀ gbé e wọnú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó fi abẹ tú okùn awọ rẹ̀ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, ó bó o bí ọsàn. Fóòmù inú rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ọ̀bẹ ìgébúrẹ́dì wá. Ó fa ìlà sí i pẹ̀lú ẹfun, íǹṣì méjì, ó pe ìyàwó rẹ̀:

"Wá wò ó. Kí lo rí?"

"Méjì."

"Ṣé kò sí ti ìṣẹ́tí ńbẹ̀?"

"Olówó orí mi, ẹ gé e jàre." Ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó gé e. Agbẹ̀bí jókòó tì í, ó ń na abẹ́rẹ́ sí i bí nọ́ọ̀sì ṣe ń na irin iṣẹ́ sí dókítà. Télọ̀ fa awọ padà, ó gé àṣẹ́kù, ó rán an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lórí pẹ́dà, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún *tàkà-tàkà-tàkà*, òórùn ìrẹsì ń gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn èèyàn dí ẹnu ọ̀nà pa. "Tíṣà ti ń gbé ọmọrí o!" "Télọ̀, ó ku orí okùn mélòó?" "Ẹ jẹ́ kó mí!" Bí Tíṣà ṣe fi aṣọ gbá etí ìkòkò mú báyìí, bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ fi eyín gé okùn ìkẹyìn.

Wọ́n de ìjókòó padà. Agbẹ̀bí tún ya ẹsẹ̀. Ó jókòó. Kò yára na ẹsẹ̀ o. Ó mí kanlẹ̀ ná. Ó wá sọ wọ́n kalẹ̀.

Tíṣà ya ewé kan nínú ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbìyànjú kó ti bébà náà sábẹ́ gìgísẹ̀ ọ̀tún. Kò kọjá. Ó bọ́ sí òsì, ẹsẹ̀ tó kán. Ó tì í, bébà ká jọ. Kò kọjá.

"Màámi," ló wí, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ yege." Ó da kọ́kọ́rọ́ padà.

*Gbùdù, gbùdù, gbùdù*. Télọ̀ dé akoto, ó gun ẹ̀yìn, ó di ìbàdí ìyàwó rẹ̀ mú. Wọ́n jáde sí títì, wọ́n rọra ń lọ, àwọn èèyàn dúró sẹ́nu géètì. Wọ́n dé ìpẹ̀kun àdúgbò, ní kọ́nà ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹ gbà mí gbọ́, ta ló tún ń bọ̀? Abiyamọ! Ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti dàgbà, wọ́n tó ìyá wọn, wọ́n ṣì tò tẹ̀lé e, wọ́n ṣì ń mi ìdí.

"Pẹ́pẹ́yẹ!" ni télọ̀ pariwo.

"Mo rí i," ni agbẹ̀bí wí. Ó tẹ bíréèkì. Alùpùpù dúró. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ *pẹ̀*, bí àdògán. Kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí ẹ̀kẹjọ fi kọjá. Ibi tó ti ń kà á ni nǹkan kan ti ṣí lọ́fun agbẹ̀bí. Ohùn rẹ̀ jáde, ó là gbàgàdà, àwọn tó wà lẹ́nu géètì gbọ́ ọ lọ́hùn-ún:

*Alùpùpù mi, rọra o,*
*— Rọra.*
*Abiyamọ ń kọjá, rọra o,*
*— Rọra.*
*Télọ̀ ti gé ti ìṣẹ́tí, rọra o,*
*— Rọra, rọra, rọra!*

Gbogbo àdúgbò ló gbè é títí wọ́n fi padà dé.

Tíṣà bu oúnjẹ. Ó bu ti Ṣé-ẹ-gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dé orí bàbá rẹ̀, ó bù ú tán, ó tún fi ṣíbí méjì lé e. "Ti ìṣẹ́tí nìyẹn, Bàámi." Télọ̀ ní òun ò kọ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n lá ìka, wọ́n fọ àwo. Ìyá àgbà òdìkejì ń kọ orin náà lọ sílé, Ṣé-ẹ-gbọ́ ń fọwọ́ pa ikùn. Kò sẹ́ni tó lọ sùn lọ́jọ́ náà tí ebi ń pa, kò sì sẹ́ni tí inú rẹ̀ ò dùn. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde wàyí, ìkòkò tèmi ti sọ̀. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó máa lọ, kẹ́ ẹ sì rọra o.